Ìsìn Tí Àjèjì Gbọ́: Láti Tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì dé Suame Magazine

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù, èyí tí àwa ọmọlẹ́yìn Kristi ń pè ní Májẹ̀mú Láéláé. Ohun tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò ni bí ìsìn tí ènìyàn ń sin Ọlọ́run rẹ̀ ṣe ń di ìgbàgbọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ará ilẹ̀ rẹ̀, tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò sì bá a tan. Ẹ ó ti máa retí pé Jerúsálẹ́mù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Suame Magazine ná.

Ẹni tó bá gba ọjà Kejetia kọjá sí ìhà àríwá Kùmásí, ní ilẹ̀ Gáná, tó sì dé rọ́ńdábáòtù Suame, etí ni yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ pé òun ti dé ibi tí wọ́n ń pè ní Magazine. Òòlù ń dún lára irin, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán ń bú ramúramù, ọmọ iṣẹ́ ń sá kíjokíjo pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Orúkọ Magazine yẹn, láti ibi tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ń kó ohun ìjà pamọ́ sí láyé ọjọ́un ló ti wá. Ìtòsí ibẹ̀ ni àwọn fítà, ìyẹn àwọn mẹkáníìkì, ìgbà náà pa ṣọ́ọ̀bù sí kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Suame. Lónìí, àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ lé ní 100,000 dáadáa; àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé wọ́n tó 200,000. Wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n ń kan bọ́dì, wọ́n ń tú ọkọ̀ tókunbọ̀ palẹ̀ ta, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Ní ọdún 1980, yunifásítì ìlú náà, KNUST, gbé ibi ìkọ́ṣẹ́ kan kalẹ̀ sáàárín wọn, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgé-irin àti bí a ṣe ń yọ́ irin dà.

Ẹ gbójú sókè díẹ̀, kí ẹ wo pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ébénésérì rèé lókè ibi tí wọ́n ti ń tún gíà ṣe. Jèhófà Jírè rèé lára kọ́ńténà tí wọ́n ti ń ta táyà. Bẹ́tẹ́lì, Ìmánúẹ́lì, Orin Dáfídì 23, gbogbo wọn wà níbẹ̀, epo dúdú ti ta sí wọn lára. Ọ̀gá tó kọ ọ̀kan nínú wọn kò kọ ọ́ láti wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dúpẹ́ ni, pé òun tí òun bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi náà ló dẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. Àmọ́ awakọ̀ tó ti Burkina Faso wá ra páàtì ń kà á. Oníṣòwò tó ti Nìjẹ̀r wá ń kà á. Àwọn ará Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, tó ń kírun Jímọ̀ ń kà á. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá yóò béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà tó bá ń wá ṣọ́ọ̀bù náà kiri.

Mo fẹ́ kí ẹ di ibẹ̀ yẹn mú, torí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù náà nìyẹn. Níbẹ̀, kì í ṣe ìwàásù ni àjèjì sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ìsìn ni. Ó rí pẹpẹ, ó gbọ́ orin, ó bá wọn nídìí ẹran ẹbọ, ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè irú Ọlọ́run tí àwọn wọ̀nyí ń sìn.

Ábúráhámù ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tó dé Ṣẹ́kẹ́mù, àwọn ará Kénáánì wà ní ilẹ̀ náà. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì dìídì sọ bẹ́ẹ̀. Kò lu agogo, kò pe ẹnikẹ́ni jọ. Ó tẹ́ pẹpẹ fún Olúwa. Ó tún ṣí lọ sí àárín Bẹ́tẹ́lì àti Áì, ó tẹ́ òmíràn, ó sì ké pe orúkọ Ọlọ́run níbẹ̀, lórí ilẹ̀ onílẹ̀, lójú àwọn onílẹ̀. Ẹsẹ díẹ̀ ṣáájú èyí ni Ọlọ́run ti ṣèlérí fún un pé gbogbo ìdílé ayé ni yóò tipasẹ̀ rẹ̀ rí ìbùkún. Ìlérí tó kárí ayé, òkúta tí a tò jọ ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn.

Ti Jẹ́tírò tún dùn ún gbọ́ ju ìyẹn lọ. Àlùfáà Mídíánì ni, kì í ṣe Hébérù. Òun ni bàbá ìyàwó Mósè. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íjíbítì, ó sì kó ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá Mósè nínú aṣálẹ̀. Mósè jáde lọ pàdé àna rẹ̀, ó tẹrí ba fún un, wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n wọ inú àgọ́ lọ. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ ilé kò pọ̀ jù fún wòlíì. Ibẹ̀ ni Mósè ti ròyìn gbogbo rẹ̀, àti ìyọnu àti ìgbàlà, bí a ṣe ń ròyìn fún àgbà ilé. Inú bàbá náà dùn, ó fi ibùkún fún Olúwa, òun fúnra rẹ̀ rú ẹbọ sísun, Áárónì àti gbogbo àgbààgbà Ísírẹ́lì sì wá bá a jẹun níwájú Ọlọ́run. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá yìí kan náà wo bí Mósè ṣe ń dá nìkan dájọ́ àwọn ènìyàn láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ní ohun tó ń ṣe yẹn kò dára, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe pín iṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Àná ni wọ́n jọ jẹun ẹbọ, lónìí ó ti ń tún ilé wọn tò. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ kí àjèjì wá bá wa sìn. Kí ó wá sọ fún wa pé ibi kan wọ́, ìyẹn la kì í fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn oníwàásù wa kì í sábà fọwọ́ kàn nínú Ìwé Mímọ́ yìí, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní sọ pé ìgbà kan wà tí kò sí alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ọ̀dọ̀ àwọn Filísínì, ọ̀tá wọn, ni wọ́n ti ń lọ pọ́n àáké àti ohun ìtúlẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń sanwó lé e. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí Ọlọ́run yàn, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àjèjì ni wọ́n ti ń tò pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́! Nígbà tí Sólómọ́nì sì fẹ́ kọ́ tẹ́ḿpìlì, ìlú Tírè, létí òkun, ló ránṣẹ́ sí fún ẹni tó mọ iṣẹ́ bàbà. Ẹni tó dé ń jẹ́ Hírámù. Kì í ṣe ọba Tírè tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà o. Ará Tírè ni bàbá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ bàbà lòun náà; opó láti inú ẹ̀yà Náfútálì ni ìyá rẹ̀. Àbọ̀ àjèjì, àbọ̀ ọmọ ilé.

Àwọn tó ń da ìkòkò ní Suame ni yóò lóye ohun tí Hírámù ṣe ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìkòkò àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń ṣe àwòṣe. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígi, wọ́n ki iyanrìn tí wọ́n ti sẹ́, tó tutù díẹ̀, mọ́ ọn nínú àti lóde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n rọra yọ ìkòkò náà kúrò, kí iyanrìn má bàa ya, wọ́n sì pa àpótí dé padà. Àyè tí ìkòkò fi sílẹ̀ láàárín iyanrìn, ibẹ̀ ni ìkòkò tuntun yóò wà. Nídìí iná, písítìnnì àti àwọn àjákù ẹ́ńjìnnì ti ń yọ́, wọ́n di omi funfun tó ń dán. Ẹni méjì á gbé e, wọ́n á dà á sí ojú ihò láìdúró, torí bí ó bá dá dúró lágbedeméjì, ìkòkò yóò lu. Èéfín á sọ. Wọ́n á dúró, wọ́n á fọ́ iyanrìn, ìkòkò á jáde ní dúdú, ọmọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ha á.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Hírámù ṣe, àmọ́ tirẹ̀ ga ju ilé lọ. Òpó bàbà méjì, ìgbọ̀nwọ́ méjìdínlógún ni gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbada ńlá kan tí wọ́n ń pè ní òkun, ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá láti etí dé etí, tó jókòó lórí akọ màlúù bàbà méjìlá: mẹ́ta kọjú sí àríwá, mẹ́ta sí ìwọ̀ oòrùn, mẹ́ta sí gúúsù, mẹ́ta sí ìlà oòrùn. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní tilẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti dà wọ́n, nínú ilẹ̀ amọ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì, láàárín Súkótù àti Sárétánì. Ẹni tó kọ ìwé náà ti ní láti bá àwọn oníṣẹ́ sọ̀rọ̀. Àlùfáà kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ọwọ́ àjèjì ló ṣe ohun èlò ìsìn.

Ọjọ́ tí wọ́n wá ya tẹ́ḿpìlì náà sí mímọ́ dé. Sólómọ́nì dúró níwájú pẹpẹ, ó gbàdúrà gígùn, nípa ogun, nípa ọ̀dá, nípa eéṣú, nípa ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Láàárín àdúrà yẹn, ó yà sí ọ̀rọ̀ ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀: àjèjì tó ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí ó gbọ́ òkìkí orúkọ Olúwa, tó sì kọjú sí ilé yìí gbàdúrà. Sólómọ́nì bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣe gbogbo ohun tí àjèjì náà bá béèrè, kí gbogbo ènìyàn ayé lè mọ orúkọ rẹ̀ bí Ísírẹ́lì ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí àjèjì kọ́kọ́ gba ilà, kò ní kí ó kọ́kọ́ kọ́ èdè Hébérù. Ó ní kí Ọlọ́run gbọ́ ọ ná. Lójú tèmi, àdúrà yìí ni kókó gbogbo ohun tí à ń wí: ìsìn tí a ti gbé àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì dé.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Sólómọ́nì yìí kan náà ti ka àwọn àjèjì tó wà ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé Kíróníkà Kejì kọ iye wọn sílẹ̀: 153,600. Ó yan 70,000 láti ru ẹrù, 80,000 láti gbẹ́ òkúta lórí òkè, ó sì fi 3,600 ṣe alábòójútó tí yóò máa lé wọn sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnu tó tọrọ kí Ọlọ́run gbọ́ àjèjì ló pàṣẹ kí àjèjì ru òkúta. Ìwé Mímọ́ kò fi èyí pamọ́, èmi náà ò sì ní fi pamọ́. Wòlíì Ámósì padà wá sọ lẹ́yìn náà pé Ọlọ́run kò fẹ́ gbọ́ orin àwọn tí kò ṣe ẹ̀tọ́, kí wọ́n gbé ariwo rẹ̀ kúrò. Pátákó Ébénésérì lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bíréèkì ayédèrú fún àlejò, ariwo ni òun náà.

Ọmọdébìnrin kan wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì tí wọn kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Síríà kó o lẹ́rú, ó di ìránṣẹ́ ìyàwó Náámánì, ọ̀gágun wọn. Òun ló sọ fún ìyá ilé rẹ̀ pé wòlíì kan wà ní Samáríà tó lè wo ẹ̀tẹ̀ ọ̀gá òun sàn. Gbogbo wa la mọ bí Náámánì ṣe bínú tó sì padà wẹ̀ ní Jọ́dánì nígbà méje. Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni ohun tó tọrọ lẹ́yìn tó mọ́. Ó ní kí Élíṣà fún òun ní erùpẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ẹrù ìbaaka méjì, torí láti ọjọ́ náà lọ òun kò ní rúbọ sí ọlọ́run mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó ń dùn ún lọ́kàn: ọba òun máa ń fara ti apá òun wọ ilé òrìṣà Rímónì, bí ọba bá tẹrí ba, òun náà á tẹrí ba, kí Olúwa dárí ìyẹn ji òun. Ẹ wo bí ìdáhùn Élíṣà ṣe kúrú tó. Ó ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Kò fún un ní òfin, kò ní kó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùṣọ́-àgùntàn tí mo mọ̀ ì bá ti ní kó wá ṣe ìdáǹdè ọlọ́jọ́ méje.

Ẹ ṣí Orin Dáfídì wò báyìí. Orin 67 tọrọ ìbùkún, ó sì sọ ìdí tó fi tọrọ rẹ̀: kí àwọn orílẹ̀-èdè lè mọ ọ̀nà Ọlọ́run. Orin 96, tí ìwé Kíróníkà Kìíní fi sáàárín orin ọjọ́ tí Dáfídì gbé àpótí ẹ̀rí wọ Jerúsálẹ́mù, ní kí àwọn olórin ròyìn iṣẹ́ Olúwa láàárín àwọn kèfèrí. Orin 117 ló kúrú jù nínú gbogbo wọn, ẹsẹ méjì péré. Ẹni tí kò bá kà á rí á rò pé Ísírẹ́lì ló ń bá sọ̀rọ̀. Rárá o, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń pè kí wọ́n wá yin Olúwa, ìdí tó sì fún wọn ni pé Olúwa ti ṣàánú Ísírẹ́lì. Ẹni tó bá ti ṣe ìkómọ rí mọ bí ìyẹn ṣe ń rí: ìwọ lo bímọ, àdúgbò lo pè wá jó. Aládùúgbò tó jó dáadáa kì í pẹ́ di ẹbí ọmọ náà.

Jónà ni kò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni wá jó. Ó sá wọ ọkọ̀ ojú omi kó má bàa dé Nínéfè, ìlú tí Ọlọ́run rán an sí. Nígbà tí ìjì dé, àwọn atukọ̀ abọ̀rìṣà ń gbàdúrà, olóòótọ́ wòlíì ń sùn nísàlẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n jí i, wọ́n bi í léèrè ibi tó ti wá, ó ní Hébérù ni òun, òun sì ń bẹ̀rù Olúwa tó dá òkun àti ìyàngbẹ ilẹ̀. Gbólóhùn yẹn, tí kò fi wàásù, ló yí àwọn atukọ̀ lọ́kàn padà. Kí orí kìíní tó parí wọ́n ti rúbọ sí Olúwa, wọ́n sì ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Nígbà tó wá dé Nínéfè ní tipátipá, ìwàásù rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ lédè Hébérù. Ìlú yí padà, inú bí Jónà. Ọlọ́run bi í bóyá kò yẹ kí òun ṣàánú ìlú tí ó lé ní 120,000 ènìyàn níbẹ̀, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. A kò gbọ́ ohun tí Jónà fèsì.

Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ṣé wọ́n rán Ísírẹ́lì lọ bá àwọn orílẹ̀-èdè ni, àbí àwọn orílẹ̀-èdè ló ń bọ̀ wá bá wọn? Johannes Blauw, ará Netherlands, kọ ìwé tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1962, ó sì gbà pé bíbọ̀ wá ló pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Orí kẹfà ìwé Aísáyà, tí a máa ń fi rán míṣọ́nnárì lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ènìyàn Aísáyà gan-an ni wọ́n rán an sí. Ohun tí Sekaráyà rí ni pé ọkùnrin mẹ́wàá láti inú oríṣiríṣi èdè yóò di etí aṣọ Júù kan mú, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá a lọ nítorí àwọn gbọ́ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀. Títí di òní, àwọn Júù kì í sábà wá ènìyàn wọ ẹ̀sìn wọn. Síbẹ̀, ní Sefwi Wiawso, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Gáná, àwọn ará ìlú kan wà tí wọ́n ti ń pa Sábáàtì mọ́ láti ọdún 1976. Wọ́n parí sínágọ́gù wọn ní 1998. Ìran tí ọ̀kan nínú wọn ní òun rí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí míṣọ́nnárì níbẹ̀.

Bí àjèjì bá máa gbọ́ ìsìn, èdè ń kọ́? Àwọn Júù tó ń gbé Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú ìbí Kristi, èdè Gíríìkì ni wọ́n ti ń sọ nílé. Nítorí tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe túmọ̀ Òfin Mósè sí Gíríìkì. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí kì í ṣe Júù ti lè jókòó lẹ́yìn sínágọ́gù kó lóye ohun tí wọ́n ń kà. Lọ́dọ̀ tiwa, Bíbélì odindi jáde lédè Twi ní 1871, Christaller ti Basel Mission ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí fún Yorùbá jáde ní 1884. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó o, ọkùnrin kan náà ló gbé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì dé Kùmásí ní 1839 tó sì dé Badagry àti Abẹ́òkúta ní 1842: Thomas Birch Freeman. William de Graft, ọmọ Fante, ló fi sílẹ̀ ní Badagry láti máa bójú tó iṣẹ́. Ará Gáná ti wá bá wa sìn kí àwa náà tó lọ bá wọn.

Àwa náà sì lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ tí míṣọ́nnárì Bowen ti Baptist dé ní 1855, òun pẹ̀lú Ṣakí àti àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ wọn, ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá tó wà ní Gold Coast, tó di Gáná lónìí, ti wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́ ìwàásù. Ọjà ni wọ́n bá lọ, aṣọ àti wọ́sìwọ́sì ni wọ́n ń tà. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á jọ pàdé, wọ́n á ṣí Bíbélì Yorùbá, wọ́n á kọrin bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé. Ọ̀nà yìí ni ìjọ Baptist gbà gbilẹ̀ ní Kùmásí àti ní àwọn ìlú ọjà mìíràn. Ìgbà tí míṣọ́nnárì Baptist láti Amẹ́ríkà fi máa dé ní 1947, àwọn Yorùbá ti ń sìn níbẹ̀ tipẹ́. Ní 1963, àjọ Baptist Gáná dá dúró láàyè ara rẹ̀. Ábúráhámù tẹ́ pẹpẹ nílẹ̀ Kénáánì. Àwọn ìyá alájàpá láti Ògbómọ̀ṣọ́ náà tẹ́ tiwọn nílẹ̀ Àṣàǹtí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Busia, ọ̀mọ̀wé tòótọ́ ni, ó sì mọ àdúrà Sólómọ́nì bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a bí sí Kùmásí, tí kò mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, kó ẹrù sínú lọ́rì. Nàìjíríà náà ṣe tirẹ̀ fún àwọn ará Gáná ní oṣù kìíní ọdún 1983, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dá ẹnìkejì lẹ́bi jù. Lẹ́yìn tí lọ́rì lọ tán, ìjọ tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ló ń jọ́sìn níbẹ̀ dòfìfo. Níbi tí àwọn Àṣàǹtí àti àwọn ọmọ Gáná mìíràn ti wọnú orin, ìsìn kò dáwọ́ dúró, ó sì ń lọ lọ́wọ́ títí di òní.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó sin Ọlọ́run lédè ìyá rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn ìgbèkùn Bábílónì náà bi ara wọn bí àwọn ṣe máa kọ orin Olúwa nílẹ̀ àjèjì. Àmọ́ lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí wọn ní kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un. Báwo la ṣe fẹ́ gbàdúrà fún ìlú tí a kò fẹ́ kó gbọ́ àdúrà wa? Ìsìn tí a tì mọ́ra kò gbé ọdún 1969 já. Èyí tí a ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ló gbé e já.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ìjọ Yorùbá ní Kùmásí, ní Àkrà, ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àti níbikíbi tí ẹ ti ń gbọ́ mi, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ẹsẹ Bíbélì kan ní èdè ìlú tí ẹ wà, kí ẹ kọ orin kan ní èdè náà, kí ẹ sì yan ẹnìkan tí yóò jókòó ti àlejò tó bá wà lẹ́yìn, tí yóò máa túmọ̀ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀yin fítà Suame tí ẹ kọ orúkọ Ọlọ́run sára ṣọ́ọ̀bù, ẹ fún ará Burkina Faso tó wá ra páàtì ní ojúlówó, kí ẹ sì gba iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Kùmásí.